Kí Ni Wọ́n Ń Pè Ọ́ Tẹ́lẹ̀ Rí?

  

Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀yìn ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn bọ̀. Òótọ́ ló sọ. Ojú ìwé tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣí ni ibi tí àwọn èèyàn ti ń kéde pé àwọn pa orúkọ dà. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: èmi tí wọ́n ń pè ní lágbájá tẹ́lẹ̀ rí, láti òní lọ, tẹ̀mẹ̀dù ni kí ẹ máa pè mí; gbogbo ìwé mi àtẹ̀yìnwá ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀; kí gbogbo aráyé ṣàkíyèsí.

Àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wo àwọn yòókù. Ògúnbíyìí di Olúwabíyìí. Ifáṣọlá di Jésùṣọlá. Nínú ẹbí tèmi gan-an, bàbá-ńlá kan ṣoṣo ló bí wa, orúkọ ìdílé mẹ́ta la ń jẹ́ báyìí. Àbúrò bàbá mi kan yọ Ifá kúrò, ó fi Olú sí i. Ọmọ rẹ̀ rò pé Olú yẹn ò tíì mọ́ tó, ó fi Jésù sí i. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní London ti dá Ifá padà sáyè rẹ̀, ó tún so ìdè mọ́ ọwọ́. Bí àgbà kan bá kú nílé wa, ẹni tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú ló ń jìyà.

A lè rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ìjà ni, ìjà ta ni mí, ta ni ọ́, ta ló jẹ́ ti wa. Ayé ń jà á káàkiri. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fà á lórí ère ta ni kó wó lulẹ̀ àti ìwé wo ni kí ọmọdé kà níléèwé. Ní Faransé, orí gèlè ọmọbìnrin ni. Èmi ò ní lọ jìnnà lónìí. Èkó ni mo fẹ́ ká jókòó sí, nítorí ìjà orúkọ ti pẹ́ ní Èkó.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ David Brown Vincent. Ọdún 1860 ni wọ́n bí i, bàbá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ìyìn rere fún ìjọ CMS. Ní 1888, òun àti àwọn kan kúrò lábẹ́ àwọn ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi tó wá láti Amẹ́ríkà, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tó di 1894, ó ní òun ò jẹ́ David mọ́, òun ò jẹ́ Brown, òun ò sì jẹ́ Vincent. Mojọlá Àgbẹ̀bí ni òun. Ó bọ́ kóòtù, ó bọ́ ṣòkòtò òyìnbó, ó wọ aṣọ wa. Kì í ṣe ní Èkó nìkan ló ti ń wọ̀ ọ́ o. Bó bá lọ sí ìlú òyìnbó, aṣọ yẹn náà ló ń wọ̀ lọ, bí òtútù ibẹ̀ tilẹ̀ le.

Kí ló fà á? Àwọn Sàró ni ká kọ́kọ́ mọ̀. A máa ń sọ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ilé tí wọ́n wò fún Àjàyí. Ọmọ Òṣogùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Nígbà tí wọ́n máa ṣèrìbọmi fún un ní 1825, orúkọ àlùfáà kan ní London ni wọ́n mú fún un: Samuel Crowther. Àmútọ̀runwá ni Àjàyí, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dojú bolẹ̀ wáyé ló ń jẹ́ ẹ, bàbá àti ìyá ò ní ẹnu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Orúkọ tí ọmọ gbé tọ̀run wá wá ń tẹ̀ lé orúkọ àlùfáà tí kò rí ọmọ náà rí.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú Àjàyí ló wà, àwọn la ń pè ní Sàró. Nígbà tí wọ́n fi máa padà sílé, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ti gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní 1861, àwọn ni akọ̀wé, àwọn ni oníṣòwò, àwọn ni lọ́yà. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á wọ kóòtù onípele mẹ́ta lábẹ́ oòrùn wa yìí, wọ́n á dé fìlà gogoro, wọ́n á máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Marina. Wọ́n rò pé ẹgbẹ́ òyìnbó làwọn.

Òyìnbó kò rò bẹ́ẹ̀. Àjàyí Crowther yìí kan náà ló di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi joyè náà. Nígbà tó darúgbó, àwọn ọ̀dọ́mọdé ajíhìnrere òyìnbó dé sí ẹ̀bá odò Ọya, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n ń lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dànù níṣojú rẹ̀. Ó fi ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1890. Ó kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Àwọn Sàró Èkó rí i. Bí Samuel Crowther ò bá lè fi orúkọ àlùfáà London gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará London, kí ni David Brown Vincent fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe?

Bí ọ̀pọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ orúkọ sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ìdílé kan wà tó ń jẹ́ Assumpção. Ní 1913, wọ́n di Alákijà. Ọmọ wọn kan tó ń jẹ́ Placido di Adéyẹmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Placido yìí sí ibì kan nínú ọpọlọ yín, a ó padà wá mú un.

Èmi ò ní fi àwọn èèyàn yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ti gbé pátákó kọ́rùn rí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nítorí mo fi Yorùbá tọrọ pẹ́ńsù. Mo mọ bó ṣe ń ṣe ọmọdé. Ìjà òtítọ́ ni Àgbẹ̀bí jà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìjà náà, nígbà tí gbogbo ìlú ti mọ̀ pé orúkọ ilé àti aṣọ ilé ni àmì ọmọ ilé.

Ọkùnrin méjì ni mo fẹ́ fi hàn yín. Macaulay làwọn méjèèjì.

Edmund Macaulay ni èkíní. Sàró ni wọ́n bí i sí. Ó lọ sí London, ó kọ́ṣẹ́ lọ́yà, ó padà sí Èkó. Ó bọ́ Edmund sílẹ̀, ó bọ́ Macaulay sílẹ̀, ó di Kítóyè Ajàsá. Orúkọ náà dùn létí, àbí? Bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní rí ẹni tó fẹ́ràn ìjọba òyìnbó tó Kítóyè Ajàsá ní gbogbo Èkó. Ọ̀rẹ́ Gómìnà Lugard ni. Ní 1914, ó dá ìwé ìròyìn Nigerian Pioneer sílẹ̀, ẹ̀yìn ìjọba ni ìwé ìròyìn náà sì ń tò sí. Bí àwọn oníwèé ìròyìn yòókù bá ń bú gómìnà, tirẹ̀ á ní kí wọ́n rọra. Ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní 1928, ọba Gẹ̀ẹ́sì fi í joyè Sir.

Èkejì ni Herbert Samuel Heelas Macaulay. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ á rántí náírà kan tó jẹ́ bébà, èyí tó jáde ní 1979: bàbá onírunmú ńlá tó wà lójú rẹ̀ yẹn, tó fi táì oníkókó sọ́rùn, òun ni. Ó ní Ọláyínká lórúkọ o, ṣùgbọ́n Herbert ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni, láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bàbá rẹ̀ ló dá iléèwé CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Plymouth ló ti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó wọn ilẹ̀ fún ìjọba títí di 1898. Kóòtù òyìnbó ló ń wọ̀. Gòjé òyìnbó ló ń ta. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gùn bí ọ̀nà Ìlọrin. Tó bá jẹ́ pé ìrísí la fi ń mọ̀yàn, ọ̀dọ̀ gómìnà ló yẹ kó máa gbé.

Ọkùnrin yẹn ló wá di ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ gómìnà.

Ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá. Wọ́n ní àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ kàn ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lásán ni, wọn kì í ṣe onílẹ̀. Ìjòyè Àmọ́dù Tìjání, ẹni tó jẹ oyè Olúwa, ní irọ́ ni. Ó gbé ẹjọ́ náà títí dé London ní 1920. Herbert Macaulay ló bá a lọ, ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí, Eléko, sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ìjòyè náà, Mùsùlùmí. Ọba náà, Èṣù ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó gbé ọ̀pá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi, ọmọ-ọmọ bíṣọ́ọ̀bù ni, ó sì so táì mọ́rùn. Ní 1921, àwọn adájọ́ Privy Council dájọ́ pé ilẹ̀ ní onílẹ̀, kí ìjọba sanwó fún un.

Inú bí ìjọba. Wọ́n ní kí Ọba Èṣùgbàyí rán agogo káàkiri ìlú pé òun ò mọ Macaulay rí. Ọba kò ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó di 1925 wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún mẹ́fà ni Macaulay fi ń jà á, nínú ìwé ìròyìn, nínú kóòtù. Privy Council tún gbọ́ ẹjọ́ náà, Ọba sì padà sí Èkó ní 1931. Ẹ̀wọ̀n ẹ̀ẹ̀mejì ni Macaulay ṣe láyé rẹ̀. Nítorí ẹ̀wọ̀n yẹn, kò lè du ipò nígbà tí ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1923 ń gba gbogbo ìjókòó tí wọ́n fún Èkó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Àwọn wo ló tẹ̀ lé e? Àwọn ìyálọ́jà. Àlímọ́tù Pẹlẹwúrà, ẹlẹ́ja ọjà Eréko, tí kò kàwé, tó sì jẹ́ Mùsùlùmí, òun ló ń kó àwọn obìnrin ọjà jọ lẹ́yìn Macaulay. Mo máa ń ronú nípa Màmá yẹn. Kò síbi tí mo ti kà á pé ó bi Herbert pé, kí ló dé tí o ń jẹ́ Herbert? Ilẹ̀ ló ń wò. Owó orí ló ń wò. Ó ń wo ẹni tó ṣe tán láti lọ sẹ́wọ̀n.

Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni Ajàsá o. Ó gbàgbọ́ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ìpẹ̀pẹ́, pé ìjọba tí ò ṣeé lé lọ, ẹ jẹ́ ká máa bá a rìn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Oyinkan Abayọ̀mí, dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin sílẹ̀ ní 1944, ó sì jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ohun tí mò ń sọ kò ju pé ká ní aráàlú fi orúkọ yan aṣojú lásìkò yẹn, Kítóyè ni wọn ì bá gbá mú.

Ẹ jẹ́ ká yára díẹ̀. Ní 1941, ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement fẹ́ fa ẹnì kan kalẹ̀ fún ìjókòó kan nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ernest Ikoli, ọmọ Ìjọ̀, ń du ú. Samuel Akínsànyà, ọmọ Ìjẹ̀bú, ń du ú. Azikiwe, ọmọ Ìgbò, gbè sẹ́yìn ọmọ Ìjẹ̀bú. Awólọ́wọ̀, tóun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, gbè sẹ́yìn ọmọ Ìjọ̀. Ikoli ló wọlé, ni àwọn apá kejì bá fọn fèrè pé ẹ̀yà ni wọ́n fi yan èèyàn, pé nítorí Akínsànyà jẹ́ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ṣe kọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ pín sí méjì. Bí ẹ bá tún ìtàn náà sọ fún ọmọ Èkó ti òde òní, á ní ẹ ti gbà á sódì, pé Ìjẹ̀bú àti Yorùbá kì í ṣe kan náà ni? Lásìkò yẹn, wọn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kan náà. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń pè ní Yorùbá látijọ́. Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá. Àkú ni wọ́n ń pè wá ní Sàró, wọ́n ń pè wá ní Nàgó ní Brazil, wọ́n ń pè wá ní Lùkùmí ní Cuba. Orúkọ ńlá tí gbogbo wa ń jẹ́ pọ̀ báyìí, àwa náà ní ohun tí wọ́n ń pè wá tẹ́lẹ̀ rí.

Nígbà tí Macaulay kú ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 1946, òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ NCNC, Azikiwe sì ni akọ̀wé rẹ̀. Kò tó ọdún méjì àbọ̀ tí Èkó fi yí padà. West African Pilot ti Azikiwe àti Daily Service ti àwọn Yorùbá ń bú ara wọn lójoojúmọ́ ní 1948. Ó burú débi pé àwọn ọmọ ìgboro láti apá méjèèjì wọ ọjà lọ ra àdá, tí àdá fi tán lórí àtẹ. Ọpẹ́ ni pé àwọn àgbà pàdé, wọ́n ní kí àwọn oníwèé ìròyìn dẹwọ́, àdá ò sì dé ara ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe rò. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà ní Ilé-Ifẹ̀. Ta ni ààrẹ rẹ̀? Sir Adéyẹmọ Alákijà. Placido tí mo ní kí ẹ bá mi tọ́jú, ẹ mú un jáde wàyí. Ọmọ Àgùdà tí wọ́n ṣèrìbọmi fún lórúkọ Pọtogí ló ṣíwájú àwọn ọmọ Odùduwà, kò sì sẹ́ni tó ní kò yẹ á.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sí 2023. Ọ̀pọ̀ nínú yín ò tíì gbàgbé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, Peter Obi rí ìbò 582,454 ní Èkó, Bọ́lá Tinúbú rí 572,606. Ẹ̀rù ba àwọn kan. Ìbò gómìnà kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ohùn tí wọ́n ń gbà sórí WhatsApp kò jẹ́ ká sùn. Olùdíje ẹgbẹ́ Labour, Gbádébọ̀ Rhodes-Vivour, tí a ti mọ ìdílé rẹ̀ láàárín àwọn adájọ́ Èkó láti ọjọ́ pípẹ́, ṣàdédé di Chinedu. Àárín orúkọ rẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀, wọ́n fà á wá síwájú. Ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, ìyàwó rẹ̀ jẹ́ Ìgbò. Wọ́n ní kó sọ Yorùbá ká gbọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí ọmọ wọn kì í sọ̀rọ̀ nílé bí kò ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló ń pariwo jù.

Apá kejì náà ò gbẹ́nu dákẹ́. Àwọn kan ń sọ pé Èkó ò ní olúwa, ilẹ̀ àjọni ni. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí ju bí mo ṣe lè fi ẹ̀rín bò ó lọ. Èkó ò ní olúwa kẹ̀? Olúwa gan-an ló gbé ẹjọ́ Àpápá lọ sí London! Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ Èkó ní onílẹ̀, ẹjọ́ 1921 yẹn ṣì wà nínú ìwé òfin. Ṣùgbọ́n kí onílẹ̀ wà kò ní kí àlejò má di ará ilé. Agbo ilé Ọ̀ṣòdì ní Èpètèdó, ọmọ Tápà ló dá a sílẹ̀, ta ló jẹ́ lé wọn lónìí?

Ọjọ́ 18 oṣù Kẹta dé. Wọ́n dí àwọn kan lọ́nà ní ibùdó ìdìbò nítorí ojú wọn àti orúkọ wọn. Sáńwó-Olú, gómìnà ìgbà náà, rí ìbò 762,134, Rhodes-Vivour rí 312,329. Èkó ní orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù méje nínú ìwé olùdìbò. Àwọn tó jáde dìbò lọ́jọ́ náà kò ju mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Gbogbo ariwo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, mo gbìyànjú láti rántí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ níbẹ̀ nípa owó ilé, tàbí omi ẹ̀rọ, tàbí agbàrá tó ń wọlé àwọn ará Lẹ́kí àti Agége. Mi ò rántí kankan.

Ọmọkùnrin kan wà níléeṣẹ́ rédíò wa tó ń bá wa darí ẹ̀rọ. Ìgbò ni bàbá rẹ̀, Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìyá rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀ ju tèmi lọ, òun ló máa ń na ìka sí mi tí mo bá ṣi ohùn ọ̀rọ̀ gbé. Ọjọ́ kejì ìbò yẹn, mo bi í bóyá ó dìbò. Ó ní rárá. Mo ní kí ló dé, ṣé káàdì rẹ ò sí ni? Ó ní káàdì wà. Ó ní òun ti wọṣọ, òun ti dé ẹnu ọ̀nà, ni òun bá yọ káàdì náà jáde, òun wò ó. Orúkọ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀: ti ìrìbọmi, ti bàbá, ti ìyá. Ó ní òun ò mọ èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ kà.

Òun náà ló wà lẹ́yìn gíláàsì yìí, tó ń juwọ́ sí mi pé àkókò ti tó.